Bí A Ṣe Wọn Ọ̀gá Ọlọ́runnísọ̀lá

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó wọ agbádá mẹ́ta léra wọn nínú ooru oṣù kẹta, ẹ má yára káàánú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ibà ló ń ṣe é. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀gá ni.

Ti Josiah Ọlọ́runnísọ̀lá kì í ṣe ibà. Òun ni Ọ̀gá Àgbà Alábẹ̀wò Ilé-Ìwé fún ẹkùn Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní nǹkan bí ọdún 1988, ẹni tó bá sì pe orúkọ rẹ̀ láìfi nǹkan kan kún un, ìjàngbọ̀n ló ń wá. Orúkọ náà ní ìrù, ìrù náà sì gùn. Akọ̀wé kan wà tó ń jẹ́ Oyèdèjì, tí ìjọba gbà síṣẹ́ pé kó máa bá a tẹ̀wé. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni pé kó máa ṣáájú ọ̀gá wọ ibi gbogbo, kó máa pariwo:

“Ẹ dìde o! Ọ̀gá Àgbà ń bọ̀! Ojú Ìjọba ní Ọ̀yọ́! Etí Ìjọba ní Ògbómọ̀ṣọ́! Igi Àràbà tí ìjì ò lè mì! Òkúta tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí nípò!”

Kí Oyèdèjì tó parí, ọ̀gá á ti jókòó, á ti nu ojú, á sì ní kó tún un bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹnì kan wúkọ́ nígbà tí wọ́n dé ibi Igi Àràbà.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi Igi Àràbà yẹn. Bí Ọlọ́run ṣe dá ọkùnrin yìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń já ọsàn. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ló jẹ́ èèyàn gidi. Ṣùgbọ́n nínú èdè wa, ẹni iyì ni à ń pè ní ẹni tó wúwo, ẹni tí kò níláárí ni à ń pè ní ẹni fúyẹ́. Àwọn àgbà tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ìwà ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọ̀gá Ọlọ́runnísọ̀lá gbà pé ara ni wọ́n ń sọ. Ìdí nìyẹn tí agbádá fi di mẹ́ta, tí tìmùtìmù kan sì fi wà lábẹ́ bùbá rẹ̀, níbi tí ikùn àwọn ọ̀gá yòókù máa ń wà. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ nípa tìmùtìmù yìí. Òun ló ń bá a so ó mọ́ra láràárọ̀, kò sì rẹ́rìn-ín rí. Ẹ bá mi kí obìnrin náà.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá lọ bẹ Ilé-Ìwé Girama Òkè-Ìrókò wò ní ìlú Ọ̀yọ́. Níbẹ̀ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Hajarat ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, nínú yàrá gígùn kan tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé, tí igi máńgòrò ṣíji bò. Ẹ̀rọ kéékèèké ló ń kọ́ wọn nígbà náà: ọ̀pá tí a fi ń yí òkúta nípò, kẹ̀kẹ́ tí okùn ń gbà kọjá lókè kànga, pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àwọn alágbàṣe fi ń yí àgbá epo sínú ọkọ̀. Kì í ní kí wọ́n dà á kọ sínú ìwé. Ó ní kí wọ́n kàn án.

Ohun tí wọ́n kàn gba ìdajì yàrá náà. Àwọn ọmọ pè é ní Tì-Mí-Kí-N-Tì-Ọ́. Ọmọ ayò kan á yí wálẹ̀ lórí pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á kọlu agolo mílíìkì. Agolo á ti agolo, bí àwọn tó tò síwájú ibi tí wọ́n ti ń ta kẹrosíìnì. Agolo tó kẹ́yìn á já lé ìdí ọ̀pá kan tí wọ́n gbé sórí òkúta. Orí ọ̀pá á sọ sókè, á yọ èèkàn. Àpò yanrìn kékeré tí èèkàn dì mú á já wálẹ̀, okùn á yí lórí kẹ̀kẹ́, agogo ilé-ìwé á sì ró títí dé ọjà.

“Ṣé ẹ rí i?” ni Hajarat máa ń sọ. “Ohun kékeré tó bá mọ ibi tó yẹ kí òun gbé ọwọ́ lé, ohun ńlá á gbọ́ràn sí i lẹ́nu.”

Kẹ̀kẹ́ inú ẹ̀rọ náà, igi apá ni. Mìkáílù ló gbẹ́ ẹ, ọkọ Hajarat, tó kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà nínú yàrá yìí kan náà kí ó tó di olóògbé. Lára ògiri, àwòrán àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbi tí ó ti fi ọ̀dà yí wọn ká, ayùn, òòlù, ráńdà, kí oníkálukú lè mọ ibi tí yóò dá ohun tó mú padà sí. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá ń yí, ó máa ń ké. Bí a bá fi dò-rè-mí sọ ọ́, mí-mí, mí-mí ni. Wọ́n ti bẹ Hajarat títí pé kó fi epo sí i, kò gbà.

“Mà, ó ń sọ̀rọ̀,” ni Kúbúrátù wí lọ́jọ́ kan. Kúbúrátù ni ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú kíláàsì náà. “Ó ń sọ pé ‘fúyẹ́, fúyẹ́’. Ó ní ẹrù náà fúyẹ́ lọ́wọ́ òun.”

Gbogbo kíláàsì tẹ́tí, òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ ò tún sọ ohun mìíràn létí wọn.

Ọ̀gá dé. Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá, pírínsípà, ló mú un wọlé, ọkùnrin kan tó mọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ nígbà tí a ń rìn.

“Kí lẹ pe èyí?” ni ọ̀gá bèèrè.

Hajarat kúnlẹ̀. “Ẹ kú àbọ̀, sà. Ẹ̀rọ kéékèèké ni, sà.”

Ọ̀gá yíjú sí pírínsípà. “Dáramọ́lá, ohun kékeré lo pè mí wá wò?”

“Ká má rí i, sà! Ó ṣì ń dàgbà ni, sà!”

“Ẹ̀hẹ́n. Láti òní lọ, ní gbogbo ẹkùn yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é ní ẹ̀rọ kékeré mọ́. Ẹ̀rọ Ńlá Tí Kò Tíì Dàgbà ni orúkọ rẹ̀.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kúbúrátù tú ọmọ ayò sílẹ̀, agolo ti agolo, ọ̀pá sọ sókè, kẹ̀kẹ́ ké, agogo ró. Àwọn ọmọ fò sókè. Ọ̀gá ò fò.

“Kí ni kẹ̀kẹ́ yẹn ń sọ?”

Kúbúrátù ya ẹnu, ṣùgbọ́n Dáramọ́lá ti sáré ṣáájú rẹ̀. “Ó ní ‘pọ́nlé, pọ́nlé’, sà! Ó ń pọ́n yín lé, sà!”

Ẹ fi dò-rè-mí wò ó fúnra yín. Ohùn kan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyìn, ìlẹ̀kùn tí kò lépo á yìn ín.

Ojú ọ̀gá rọ̀ díẹ̀, ó tún le padà. “Ta ló pàṣẹ fún agogo?”

“Ọmọ ayò ni, sà,” ni Kúbúrátù dáhùn.

“Ọmọ ayò lásánlàsàn? Kó máa pàṣẹ fún agogo ìjọba? Níbi tí èmi ti ń ṣiṣẹ́, òkè ni àṣẹ ti ń wá. Ẹ yí i padà! Kí agogo kọ́kọ́ gbọ́, kí ó sọ fún àpò, kí àpò sọ fún agolo, kí ọmọ ayò sì gbọ́ tirẹ̀ kẹ́yìn gbogbo ayé.”

“Sà,” ni Hajarat wí, “bí a bá fa agogo...”

Dáramọ́lá ti gun àga. Ó fi gbogbo agbára fa agogo láti òkè. Agogo já, ó bọ́ lé e lẹ́sẹ̀.

“Ẹ ṣeun, sà,” ni Dáramọ́lá wí, omi ń dà lójú rẹ̀. “Àṣẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi, sà.”

Ọ̀gá mi orí pé ó dára. Lẹ́yìn náà ni ó wo àjà, ó wo fèrèsé, ó gba atẹ́gùn máńgòrò sára. “Yàrá yìí tutù,” ló wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé lábẹ́ ọ̀gá rí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ni ìyẹn. Láìpẹ́, ọ̀gá ti pàṣẹ pé yàrá náà ti di Yàrá Ìsinmi Ọ̀gá Àgbà, níbi tí òun yóò ti máa na ẹ̀yìn bí òun bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀. Kí wọ́n kun ògiri. Kí wọ́n kó pàǹtírí inú rẹ̀ jáde.

“Sà, ibo ni àwọn ọmọ yóò ti máa kẹ́kọ̀ọ́?”

“Abẹ́ máńgòrò. Òjò tó bá pa wọ́n, ṣé òjò kọ́ ni sáyẹ́ǹsì?”

Hajarat yíjú. Ó ń wo ògiri níbi tí ọ̀dà ti yí ayùn ká.

Oyèdèjì akọ̀wé ló gbà á sílẹ̀, láìmọ̀. Ó rán ọ̀gá létí pé Kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wo àfihàn sáyẹ́ǹsì àwọn ilé-ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú ọ̀gá dá. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo okùn, ó wo agogo tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Dáramọ́lá.

“Ṣé ẹ̀rọ yìí lè gbé èèyàn?”

“Ó lè gbé e, sà, bí a bá mú un tóbi,” ni Hajarat wí.

“Ó dára. Mi ò fẹ́ agogo. Èmi ni kó gbé. Kí n jókòó lórí àga, kí ó gbé mi ga lójú Kọmíṣánnà, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú iyì. Bí ẹ̀rọ yín bá gbé mi ga, yàrá ti di tiyín. Bí kò bá gbé mi, ẹ gba abẹ́ máńgòrò lọ.”

“Yàrá ti di tiyín!” ni Oyèdèjì tún un ké, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ọ̀gá á jókòó sórí àga ní ìhà kan okùn, àpò yanrìn á wà lókè ní ìhà kejì. Bí èèkàn bá yọ, àpò á máa bọ̀ wálẹ̀, ọ̀gá á máa gòkè. Bí yanrìn bá fi díẹ̀ wúwo ju ọ̀gá lọ, ọ̀gá á gòkè jẹ́jẹ́ bí èéfín àárọ̀. Wọ́n á fi tábìlì kan sábẹ́ àpò, kí ó lè bà lé e, kí ọ̀gá dúró níbi tí ojú gbogbo èèyàn ti tó o. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Hajarat gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ó yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kájú, òun àti Kúbúrátù rù ú lọ sí ilé ọ̀gá.

“Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe?”

“Ẹ dákun, sà, kí ẹ kàn gun orí rẹ̀ ni. A fẹ́ mọ bí ẹ ṣe wúwo tó, kí a lè mọ iye yanrìn.”

“Ẹ fẹ́ wọn èmi?” Ọ̀gá dìde. Agbádá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde pẹ̀lú rẹ̀. “Bí àpò kájú? Èmi tí ìjọba fi wọn gbogbo yín? Ẹ gbé nǹkan yìí kúrò níwájú mi! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta.”

Ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé omi bọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo òṣùwọ̀n, ó gbé omi padà sínú ilé.

“Sà,” ni Hajarat bẹ̀ ẹ́, “ẹ má bínú. Bí yanrìn bá pọ̀ jù yín lọ, ẹ̀rọ kì í mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Á sọ yín sókè ni.”

“Ẹ̀rọ wo ló tó èmi í sọ? Mẹ́ta ni mo wí. Bí mo bá dé bẹ̀ tí mo rí i pé ó dín, yàrá ti lọ nìyẹn. Dáramọ́lá ni yóò máa ṣọ́ ọ.”

Lójú ọ̀nà, Kúbúrátù ní, “Mà, bí a bá yọ agbádá kúrò, ọ̀gá yìí ò ju àpò sìmẹ́ńtì kan àti agolo mílíìkì mélòó kan lọ.”

“Mo mọ̀.”

“Kí la máa wá ṣe?”

Hajarat rìn lọ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. “A ó ṣe okùn tó nípọn. A ó sì ṣe ìgbànú sára àga.”

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu ló gbé wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ jókòó sórí iṣu pẹ̀lú agolo àti pákó, wọ́n ń kọrin. Hajarat jókòó síwájú, ó gbé kẹ̀kẹ́ apá sórí itan bí ọmọ. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ ṣe àfihàn náà, àwọn òyìnbó ìjọ Onítẹ̀bọmi ló kọ́ ọ láyé àtijọ́. Àjà rẹ̀ ga, ìtí igi tó gbé òrùlé rẹ̀ ró nípọn ju ikùn ẹṣin lọ. Lára ìtí igi yìí ni wọ́n so kẹ̀kẹ́ mọ́. Àpò ńlá tí yanrìn rẹ̀ tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta wà lókè lórí pèpéle onígi, èèkàn ló dì í mú. Dáramọ́lá mú tábìlì wá láti ọ́fíìsì tirẹ̀, tábìlì tó ń dán lókè tí ikán ti jẹ tán nísàlẹ̀.

Kọmíṣánnà dé, ìyá kan tó wọ àdìrẹ, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó. Gbogbo èèyàn jókòó. Ìgbà yìí ni Dáramọ́lá rò pé ó yẹ kí òun fi ìfẹ́ hàn. Ó gun àkàbà lọ sí ibi àpò yanrìn, abọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Àpò mẹ́ta kéré sí ọ̀gá wa!” ló kígbe. “Ẹ̀yin ará, ṣé àpò mẹ́ta ni ọ̀gá wa?”

“Ó tì o!”

“Ẹni tó bá mọyì ọ̀gá, kó wá bu yanrìn kún un!”

Háà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi owó lẹ̀ mọ́ orí èèyàn, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń fi yanrìn kí èèyàn rí àfi ọjọ́ náà. Àwọn pírínsípà tò. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tò. Ẹni tó fẹ́ ìgbéga tò, ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbé òun lọ sí oko tò. Wọ́n ń bu yanrìn láti ìta, wọ́n ń gun àkàbà, oníkálukú ń sọ tirẹ̀: “Tèmi rèé, sà, ẹ wúwo bí òkè!” “Ẹ wúwo bí àpáta, sà!” Ẹnì kan tí kò rí abọ́ fi fìlà rẹ̀ bù ú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó!” ni Hajarat ń pariwo nísàlẹ̀. “Ó ti pọ̀ jù!”

“Gbé ẹnu ẹ dákẹ́,” ni Dáramọ́lá wí láti orí àkàbà. “Iyì kì í pọ̀ jù.”

Ọ̀gá jókòó sórí àga, ó ń fi ojú gba yanrìn náà bí ẹni ń gba àdúrà. Nígbà tí Hajarat wá so ìgbànú mọ́ ọn, ó bèèrè pé kí ni ìyẹn wà fún.

“Kí ẹ má baà já bọ́, sà. Sà, mo tún bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n da díẹ̀ nù.”

“Dá ọwọ́ rẹ dúró.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Kọmíṣánnà wa ọ̀wọ́n! Ẹ̀yin èèyàn mi! Kí èmi tó dé ẹkùn yìí, ẹ̀kọ́ ń rákò nílẹ̀ bí ọmọ aláìníyàá. Mo dé, ó dìde. Mo wúkọ́, ó rìn. Mo pàṣẹ, ó sáré. Lónìí yìí, lójú yín, yóò fò! Àwọn kan wúwo nípa ti ara, àwọn kan wúwo nípa ti ipò. Èmi, ilẹ̀ pàápàá máa ń mọ̀ nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó...”

Kọmíṣánnà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Oyèdèjì rí i, ẹ̀rù bà á, ó ṣẹ́jú sí Kúbúrátù. Kúbúrátù tú ọmọ ayò sílẹ̀.

Ó yí. Ó rọra yí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó kan agolo, agolo ti agolo, ọ̀wọ́ agolo yí gbọ̀ngàn ká, ọ̀gá ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ti dé ibi tí òun àti òòrùn ti jọ ń jíròrò. Agolo tó kẹ́yìn já lé ọ̀pá. Ọ̀pá sọ. Èèkàn yọ.

Àpò kò bọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó já bí ìdájọ́. Ó bá tábìlì Dáramọ́lá pàdé, tábìlì di èérún àti ìyẹ̀fun, àpò kọjá láàárín rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbàmù. Kẹ̀kẹ́ ké bí ẹyẹ méjìlá. Ọ̀gá tó ń sọ pé “èmi nìkan ni mo lè gbé” kò rí àyè sọ ohun tó lè gbé. Ó lọ. Ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀ ṣí sílẹ̀, àga àti agbádá bá a lọ, fìlà rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù sílẹ̀. Nígbà tí eruku lọ tán, Ọ̀gá Àgbà Alábẹ̀wò ń fì lábẹ́ òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtí igi, agbádá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí sílẹ̀ bí agboòrùn, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sì ń wá ilẹ̀ nísàlẹ̀ wọn.

Nǹkan funfun kan yọ láti abẹ́ bùbá. Ó rọra ń bọ̀, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó bà lé Dáramọ́lá lórí. Tìmùtìmù ni. Wọ́n fi òwú pupa ya òdòdó sí i lára.

“Ikùn ọ̀gá ti já!” ni ọmọ kékeré kan kígbe, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá náà fẹ́ fi bo ti ara rẹ̀?

Gbọ̀ngàn dàrú. Èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èèyàn ń sunkún, àwọn kan ń ṣe méjèèjì. Kẹ̀kẹ́ náà ò dákẹ́, bí ọ̀gá ṣe ń fì ló ń ké, àwọn ọmọ Òkè-Ìrókò sì ń bá a gbè é: “Fúyẹ́! Fúyẹ́! Fúyẹ́! Fúyẹ́!”

“Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!” ni ohùn kan wí lókè.

Àwọn ọkùnrin sáré sí àpò. “Ẹ má gbé e!” ni Hajarat pariwo. “Bí ọwọ́ yín bá yọ̀, á já bọ́ bíi máńgòrò. Ẹ máa bu yanrìn kúrò díẹ̀díẹ̀, òun náà á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.” Ó na abọ́ sí Dáramọ́lá.

“Èmi?” Dáramọ́lá fi tìmùtìmù bo àyà. “Kí n bu kúrò nínú ìwọ̀n ọ̀gá? Kí n sọ pé ọ̀gá ò tó bẹ́ẹ̀?”

Ó na abọ́ sí Oyèdèjì.

“Ẹ jọ̀wọ́ mà,” ni Oyèdèjì wí, “ìwé ni ìjọba gbà mí pé kí n máa tẹ̀.”

Abọ́ náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn tó tò láti bu yanrìn kún un, kò sí ẹni tó fẹ́ bù ú kúrò nínú wọn. Ẹni tí abọ́ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á rántí pé òun ní ẹ̀yìn ríro.

Kọmíṣánnà dìde. “Ìyáàfin, kí ló dé?”

“Mà, ẹni tó bá bù ú ti sọ pé ọ̀gá fúyẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Àfi kí ọ̀gá fúnra wọn sọ ọ́.”

Kọmíṣánnà gbójú sókè. “Ọ̀gá Ọlọ́runnísọ̀lá, ṣé ẹ gbọ́? Báwo lẹ ṣe wúwo tó?”

Ọ̀gá fì lọ, ó fì bọ̀. “Àpò mẹ́ta ni, mà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì jẹun láàárọ̀.”

“Ó dára. A ó dúró kí oúnjẹ dé.” Ó tún jókòó.

“Ó lè jẹ́ méjì, mà!”

Kọmíṣánnà ṣí ìwé ètò, ó ń kà á.

“Mà! Mo fúyẹ́!”

“A ò gbọ́ lẹ́yìn níbí o!” ni ẹnì kan ké.

“MO FÚYẸ́ O! Mo fúyẹ́ láti kékeré! Ẹ bi ìyàwó mi!”

Bí Dáramọ́lá ṣe gbọ́ èyí, ojú rẹ̀ là. Àṣẹ ti òkè wá. Ó ju tìmùtìmù nù, ó já abọ́ gbà. “Ọ̀gá wa fúyẹ́ o!” ló kígbe. “Kò sẹ́ni tó fúyẹ́ tó ọ̀gá wa!” Gbogbo àwọn yòókù ya lu àpò. “Ẹ fúyẹ́ bí òwú, sà!” “Ẹ fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, sà!” Wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì wa yanrìn sẹ́yìn bí ajá, ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò lókè bí ẹja lẹ́nu ìwọ̀.

Hajarat bọ́ sáàárín wọn, ó fi ara bo àpò. “Ẹ rọra! Ìyìn yín àkọ́kọ́ ló sọ wọ́n sókè, ẹ má jẹ́ kí èyí pa wọ́n!”

Òun àti Kúbúrátù ni wọ́n bù ú, abọ́ kan, abọ́ kan. Ọ̀gá ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi pé ìsàlẹ̀ ló dojú kọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, Hajarat tú ìgbànú fún un, ó gbé fìlà rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ kí i pé, “Ẹ kú ewu, sà.” Kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wò ó bí ẹni tó ń wá ẹ̀rín náà. Nígbà tí kò rí i, ó sọ ojú kalẹ̀.

“Ta ló ní kí wọ́n gbé ọ̀gá?” ni Kọmíṣánnà bèèrè.

“Àwọn fúnra wọn ni, mà,” ni Kúbúrátù wí. “Wọ́n ní bí ẹ̀rọ wa bá gbé àwọn ga, yàrá wa á jẹ́ tiwa. Bí kò bá gbé wọn, a ó lọ sábẹ́ máńgòrò.” Ó gbójú wo ìtí igi lókè. “Ó gbé wọn ga, mà.”

Oyèdèjì ò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ ṣí. Àṣà ni. “Yàrá ti di tiyín!” ló ké.

Kọmíṣánnà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. “Mo gbọ́ ọ,” ló wí.

Ọ̀gá ò pẹ́ lórí oyè lẹ́yìn èyí. Wọ́n ní kó lọ sinmi, ó sì gba Ìrẹ̀sà lọ, níbi tí bàbá rẹ̀ fi oko sílẹ̀ sí. Àwọn tó máa ń ra àgbàdo níbẹ̀ sọ pé bùbá kan ṣoṣo ló ń wọ̀, pé kò sì sí àgbẹ̀ tó le bíi tirẹ̀ níwájú òṣùwọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, á fò dìde: “Mú ọwọ́ kúrò! Jẹ́ kó sọ bó ṣe wúwo gan-an!”

Yanrìn ìyìn náà, àwọn ọmọ kó o padà sí Ọ̀yọ́. Wọ́n dà á sínú kòtò tí wọ́n ti ń fò gíga, ó sì dára fún un. Ẹni tó bá já lé e kì í ṣèṣe.

Ní ọjọ́ tí wọ́n tún ẹ̀rọ náà tò nínú yàrá wọn, agogo padà sí ipò rẹ̀. Kúbúrátù tú ọmọ ayò sílẹ̀. Agolo ti agolo, kẹ̀kẹ́ ké, agogo ró, ilé-ìwé sì túká fún ọjọ́ náà.

“Mà,” ni Kúbúrátù wí, bó ti ń kó ìwé rẹ̀. “Àwa ń gbọ́ ‘fúyẹ́’. Pírínsípà ní ‘pọ́nlé’ ni. Kí lẹ̀yin ń gbọ́?”

Hajarat fi òòlù sí ibi tí ọ̀dà ti yí i ká lára ògiri. Atẹ́gùn máńgòrò wọlé, okùn mì díẹ̀, kẹ̀kẹ́ apá sì tún ké lẹ́ẹ̀kan, mí-mí.

“Wálé,” ló wí. “Ó máa ń sọ pé ‘wálé, wálé’, bí ẹni tó gbẹ́ ẹ ṣe máa ń pè mí.”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ti fèrèsé, ó sì lọ sílé.